Ìdànrè, Ẹrin-Ìjẹ̀ṣà tàbí Adó-Àwáyè: ibo lẹ ó fẹsẹ̀ rìn dé nínú ìsinmi yìí?

Àwọn tó ń polówó ìrìn-àjò lórí Instagram àti WhatsApp ti pọ̀ débi pé ẹni tó bá fẹ́ fi ìsinmi ọjọ́ díẹ̀ rìn kiri àwọn òkè àti omi ilẹ̀ Yorùbá kì í mọ èyí tí ì bá mú. Ibi mẹ́ta ló sábà máa ń wà nínú ìpolówó wọn: Òkè Ìdànrè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, omi Olúmirin tó ń já bọ́ láti orí àpáta ní Ẹrin-Ìjẹ̀ṣà, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, àti òkè Adó-Àwáyè ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Nínú fọ́tò, wọ́n jọra. Lórí ìrìn, wọn ò jọra rárá. Wákàtí tí ẹ ó fi rìn, àti amọ̀nà tó mọ ibẹ̀ dunjú, lowó yín ń rà. Nǹkan méjì yìí ni mo fi wọ̀n wọ́n.

Bó bá jẹ́ ibì kan ṣoṣo lapá yín ká, Ìdànrè ni kí ẹ lọ. Àtẹ̀gùn tí ẹ ó gùn lé ní 660, ibùsinmi márùn-ún sì wà lójú ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ àlejò rò pé àtẹ̀gùn yẹn ni gbogbo ìrìn náà. Rárá o. Ibi tó parí sí ni ìrìn ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí orí òkè ni ìlú Ìdànrè wà tẹ́lẹ̀, kí àwọn ará ìlú tó sọ̀kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ ní nǹkan bí 100 ọdún sẹ́yìn. Ààfin àtijọ́ ti Ọwá ṣì wà níbẹ̀, pẹ̀lú ilé ẹjọ́, ilé ẹ̀kọ́, ojúbọ àti ibi tí wọ́n sin àwọn ará àtijọ́ sí. Ipa ẹsẹ̀ Agbóógun, ẹni inú ìtàn ìlú náà, wà lára àpáta, wọ́n sì ní kò sí ẹsẹ̀ tí kì í bá mu, ì báà jẹ́ ti ọmọdé tàbí ti àgbà. Bí ẹ bá gbójú sókè, àpáta lórí àpáta ni, àfonífojì sì tẹ́ lọ bẹẹrẹ láàárín wọn. Láti ọdún 2007 ni UNESCO ti kọ orúkọ ibẹ̀ sára àwọn ibi tí ìjọba Nàìjíríà fẹ́ kí wọ́n gbà sí ogún àgbáyé, kò sì yà mí lẹ́nu.

Ìdànrè ni ibi tí amọ̀nà ti wúlò jù lọ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Láìsí ọmọ ìlú tó ń ṣàlàyé, ògiri amọ̀ lásán lẹ ó rí, ẹ ó ya fọ́tò, ẹ ó sì sọ̀kalẹ̀. Ẹ bi iléeṣẹ́ tó fẹ́ gbé yín lọ bóyá amọ̀nà láti ìlú Ìdànrè ni yóò mú yín gòkè, tàbí ọ̀dọ́ tó bá yín wọkọ̀ wá láti Èkó. Bó bá jẹ́ ti ìkejì, ẹ ní kí wọ́n gba ọmọ ìlú kún un.

Ohun kan wà tí mi ò lè gbà kí ẹnikẹ́ni rà: ìrìn ọjọ́ kan láti Èkó sí Ìdànrè, àlọ àti àbọ̀. Inú ọkọ̀ ni ọjọ́ yóò lọ sí, ọ̀sán gangan lẹ ó sì dé ẹsẹ̀ òkè, nígbà tí àpáta ti gbóná. Ẹ sùn sí Àkúrẹ́, kò jìnnà, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn ní òwúrọ̀ kùtùkùtù.

Ẹrin-Ìjẹ̀ṣà wà fún ẹni tó fẹ́ omi. Ìpele méje ni omi Olúmirin ní. Ìtàn ìlú sọ pé Akínlá, ọmọ-ọmọ Odùduwà tó tẹ ìlú náà dó, ló rí i. Ìpele kìíní kò ṣòro dé, ọmọdé àti àgbà lè wẹ̀ níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí èrò fi máa ń kún ibẹ̀ fọ́fọ́ lásìkò Àjíǹde àti Kérésìmesì. Ìpele kejì lọ sókè ni ìrìn gidi wà: gbòǹgbò igi àti òkúta lẹ ó máa dì mú, ilẹ̀ sì ń yọ̀. Níbi tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ti ń tanni nìyí. Wọ́n á kọ “ìpele méje” sínú ìpolówó, àmọ́ ìpele kìíní tàbí ìkejì ni wọ́n máa ń mú èèyàn dé. Ẹ bi wọ́n ní tààrà: ìpele wo lẹ máa dé, wákàtí mélòó lẹ sì fún un?

Àǹfààní Ẹrin ni pé àwọn ibi mìíràn wà nítòsí. Omi Àríǹta tó ń já bọ́ láti orí àpáta ní Ìpólé-Ìlọ́rọ̀ àti Ìkọ́gòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, kò jìnnà síra wọn, ní Èkìtì. Ẹni tó ní ọjọ́ mẹ́ta, tó sì ní ọmọ lọ́wọ́, èyí lèmi ì bá rà fún un.

Adó-Àwáyè, nítòsí Ìsẹ́yìn, kì í gbé ariwo. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 350. Lórí òkè ni adágún Ìyàkẹ̀ wà, omi tó dúró sójú kan lórí àpáta. Àwọn tó ń tà á máa ń sọ pé irú rẹ̀ méjì péré ló wà láyé, pé èkejì wà ní Colorado ní Amẹ́ríkà. Ẹ má tìtorí ìyẹn lọ. Ẹ lọ nítorí omi náà fúnra rẹ̀, àti nítorí ojú ọ̀nà tóóró tí wọ́n ń pè ní “Ẹsẹ̀ kan ayé, ẹsẹ̀ kan ọ̀run”, tí ẹni tí òyì ń kọ́ kò gbọ́dọ̀ dé láìdi ọwọ́ amọ̀nà mú. Ibi ọ̀wọ̀ ni adágún náà, kì í ṣe ibi ìwẹ̀. Ará Ìbàdàn lè lọ kó sì bọ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo, kí owó rẹ̀ má sì pọ̀. Níbẹ̀, oúnjẹ àti ibùsùn kò tó ti Àkúrẹ́. Ẹ gbé omi àti ìpápánu dání.

Ní ti àsìkò, omi Olúmirin máa ń pọ̀ jù lẹ́yìn òjò, láti September sí November, ó sì máa ń fà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá wọlé. Àwọn òkè méjèèjì dùn ún gùn lẹ́ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n tí ọyẹ́ bá mú gan-an, kùrukùru eruku yóò bo gbogbo ohun tí ẹ gòkè lọ wò. Bàtà tó di ẹsẹ̀ mú ni kí ẹ wọ̀, kì í ṣe sílípáàsì.

Kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín ohun tó wà nínú owó náà: tíkẹ́ẹ̀tì ẹnu ọ̀nà, owó amọ̀nà, oúnjẹ, ibùsùn, àti iye èèyàn tó máa tẹ̀ lé amọ̀nà kan. Tí wọ́n bá ní alẹ́ ni wọ́n máa wakọ̀ padà, ẹ wá ẹlòmíràn.