Káfíńtà tí ó fi bútà wá ibi tí ilé wa ti ń jò

Ní oṣù Kẹfà ni àjà yàrá ìgbàlejò wa ní Ìrémọ, Ilé-Ifẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í wú bí ikùn aboyún. POP ni àjà náà, a sì kọ́kọ́ rò pé ọ̀dà ara rẹ̀ ni ó fẹ́ bó, àfi ìgbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán láti ìdí fáànù sórí àga. Iṣẹ́ tí káfíńtà kan ní Sábó bá wa ṣe lórí ọ̀rọ̀ náà ni mo fẹ́ ròyìn níbí, nítorí pé àwọn ará àdúgbò tí ilé wọn ń jò kò yé bi mí nípa rẹ̀.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹlòmíràn ti kọ́kọ́ gba owó wa. Ẹni yẹn gun òrùlé, kò lò ju ogún ìṣẹ́jú lọ níbẹ̀, ó po símẹ́ńtì, ó fi rẹ́ ojú ibi tí páànù ti kan ògiri ilé tuntun tí a so mọ́ ti àtijọ́, ó gba 15,000 náírà, ó ní ó parí. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o: òjò ńlá mẹ́ta péré ni ó rọ̀ tí omi fi tún dé, ó sì pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni káfíńtà ti Sábó ṣèlérí, ọjọ́ Ẹtì ni ó yọjú. Ohun àkọ́kọ́ tí ó béèrè kì í ṣe ti òrùlé rárá. Ó ní ṣé a ti pa iná láti ìdí mítà. A kò tíì pa á. Kò wọlé títí a fi pa á, nítorí pé inú páìpù wáyà ni omi gbà dé ìdí fáànù. Lẹ́yìn náà ni ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sábẹ́ ibi tí àjà ti wú jù, ó sì lu ihò kékeré kan sí i. Bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì ni ó kún fún omi tí ó pọ́n bí àgbo. Ó ní ká ní a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo àjà yẹn ni ì bá já lẹ́ẹ̀kan náà, bóyá lé ènìyàn lórí.

Ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti wú mi lórí jù ni bí ó ṣe wá ojú ibi tí ó ń jò. Ó ṣàlàyé pé omi kì í sábà kán síbi tí ó gbà wọlé. Ó lè rìn lábẹ́ páànù tàbí lára igi òrùlé títí yóò fi kan ìṣó kan tàbí oríkèé igi, níbẹ̀ ni yóò ti máa kán. Nítorí náà, ó rán ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wọ inú àjà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti ẹfun, òun fúnra rẹ̀ sì gun òrùlé pẹ̀lú bútà, irú èyí tí àwọn Mùsùlùmí fi ń ṣe àlùwàlá. Láti etí òrùlé nísàlẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Yóò da omi díẹ̀díẹ̀ sójú kan, yóò dúró fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, yóò sì kígbe pé, “Ṣé ó ti dé?” Ọmọ náà yóò dáhùn láti inú òkùnkùn pé, “Rárá, ọ̀gá.” Yóò tún sún sókè díẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí kò da omi láti òkè kí a lè tètè ṣe tán. Ó ní bí òun bá ti òkè bẹ̀rẹ̀, omi yóò ṣàn kọjá gbogbo ìsàlẹ̀, a kò sì ní mọ ojú èwo ni ó jẹ̀bi. Ó tó wákàtí kan ààbọ̀ kí ọmọ náà tó pariwo pé, “Ó ti dé o, ọ̀gá!” tí ó sì fi ẹfun sàmì sára igi. Láti ibi àmì yẹn dé ìdí fáànù tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá.

Ojú símẹ́ńtì tí ẹni àkọ́kọ́ rẹ́ gan-an ni. Páànù alumíníọ̀mù máa ń gùn sí i nígbà tí oòrùn bá mú un, a sì máa sún kì nígbà tí ó bá tutù. Símẹ́ńtì kò lè bá a ṣe bẹ́ẹ̀, ńṣe ni ó máa ń sán. Èyí tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé símẹ́ńtì tútù máa ń jẹ alumíníọ̀mù. Nígbà tí ó fi ṣísẹ́ẹ̀lì ha á kúrò, ó pè mí gun àkàbà kí n wá wò ó: ojú páànù náà ti lu wínníwínní bí asẹ́. Ó gé páànù tuntun gígùn kan, ó ki etí rẹ̀ kan bọ inú ojú ọ̀nà tí ó gbẹ́ sára ògiri, ó jẹ́ kí etí kejì bo ti àtijọ́, kí omi ara ògiri lè máa ṣàn gba orí rẹ̀ lọ láìráyè wọ abẹ́. Ó pààrọ̀ àwọn ìṣó tí rọ́bà ìdí wọn ti gbẹ, ó sì kó ewé máńgòrò kúrò nínú gọ́tà.

Ọ̀rọ̀ kíkun ọ̀dà ni ó dá ìjà sílẹ̀. Ìdána àbúrò mi ti kù sí dẹ̀dẹ̀, màmá wa sì fẹ́ kí wọ́n kun ògiri lọ́sẹ̀ yẹn. Káfíńtà náà kọ̀ jálẹ̀. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí ògiri yìí mí ná.” Ó gé ọ̀rá kan, ó fi sẹ́lótéèpù lẹ ẹ́ mọ́ ògiri yíká, ó ní kí a wò ó bí ilẹ̀ bá mọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, inú ọ̀rá náà ti làágùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a fi ń ṣí fèrèsé sílẹ̀ tí a sì ń tan fáànù alágbèéká kí ọ̀rá náà tó gbẹ. Màmá gba àlejò pẹ̀lú ògiri olómi, inú wọn kò sì dùn sí i títí di òní, ṣùgbọ́n káfíńtà ni mo gbè. Kápẹ́ẹ̀tì tí a ká jọ sí kọ̀rọ̀ láìsá a ti ń bu kí ọjọ́ méjì tó pé, ohun kan náà ni ì bá sì ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ọ̀dà tuntun.

Káfíńtà náà tún bá wa tú àjà yàrá ẹ̀yìn, tí ó jẹ́ asbestos àtijọ́. Ó fi omi rin ín kí wọ́n tó tú u, odindi ni wọ́n sì ń yọ ọ́, pẹ̀lú ìbòmú, nítorí eruku rẹ̀ máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Owó iṣẹ́ rẹ̀ kò kéré: 85,000 náírà, yàtọ̀ sí owó páànù. Kò fún wa ní ìwé owó àfi ìgbà tí mo béèrè lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sì fi ìṣó sílẹ̀ káàkiri àgbàlá títí ọ̀kan fi gún táyà ọkọ̀ wa. Nípa ti ìmọ́tótó, n kò lè yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n òjò oṣù Kẹsàn-án ti rọ̀, ó ti fi ìjì àti ààrá rọ̀, ìdí fáànù gbẹ táútáú.

Ẹni tí ó bá fẹ́ bá a ṣiṣẹ́ kí ó lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù kí aago méje òwúrọ̀ tó lù. Kí oòrùn tó mú páànù ni ó máa ń gun òrùlé, inú àpótí irinṣẹ́ ni ó sì máa ń fi fóònù rẹ̀ sí títí yóò fi sọ̀ kalẹ̀.