Láàpútọ́ọ̀pù Tòkunbọ̀ tàbí Kọ̀ǹpútà Orí Tábìlì: Èwo Ló Yẹ fún Sáfà SuperTuxKart?

Eré kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ ni SuperTuxKart. Láti ẹ̀dà 1.0, tó jáde ní 2019, ni èèyàn ti lè jókòó sílé kó máa bá ẹni tó wà nílùú mìíràn sáré ọkọ̀ nínú rẹ̀. Sáfà rẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gbé eré náà fún gbogbo ẹni tó ń sáré, kì í ya àwòrán, nítorí náà ọlọ́jà tó bá ń pọ́n káàdì àwòrán fún yín fẹ́ di ẹrù tí kò kàn yín lé yín lórí ni. Fún eré ẹni 8, prósẹ́sọ̀ Core 2 Duo àti RAM 2 GB tó. Ọ̀rọ̀ iná ló le jù.

Ẹ jẹ́ ká mú méjì tó wọ́pọ̀ nínú ọjà tòkunbọ̀: ThinkPad T420 ti 2011, àti Dell OptiPlex 780 tó ń jókòó sórí tábìlì.

T420 tí ojú rẹ̀ wà ní pípa ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 20. Lórí mítà, ìyẹn fẹ́ẹ̀ tó ìdajì yúnìtì lóòjọ́. OptiPlex lè jẹ 60, ó sì ń lọ sí yúnìtì kan ààbọ̀. Bí iná bá lọ, bátìrì láàpútọ́ọ̀pù á gbé eré náà dé òpin. Ti orí tábìlì á kú lójú ẹsẹ̀, tòun ti gbogbo àwọn tó wà lórí eré. Àmọ́ bátìrì yẹn kò gbé rọ́ọ̀tà o. Ẹ ra UPS kékeré oní-12V fún un, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ sáfà á máa ṣiṣẹ́ lásán.

Ibì kan wà tí OptiPlex ti borí. Nínú BIOS rẹ̀ (ètò tó ń ṣiṣẹ́ kí Linux tó bẹ̀rẹ̀), ẹ wá «AC Recovery», kí ẹ sì yí i sí «Power On»: bí iná bá ti dé, á tan ara rẹ̀. Láàpútọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ ti gbẹ sábà máa ń dúró de ọwọ́ yín. Bó bá jẹ́ pé ẹ kì í sí nílé, ẹ má fojú kéré èyí.

Ẹ mú flash tí Linux wà lórí rẹ̀ lọ sọ́jà, kí ẹ sì fi tan ẹ̀rọ náà níbẹ̀. Ẹ tẹ `lscpu`: ó gbọ́dọ̀ fi 64-bit hàn, torí Debian 13, ẹ̀yà Linux kan, kò ní installer fún 32-bit mọ́. Fún láàpútọ́ọ̀pù, ẹ tẹ `upower -d`, kí ẹ fi «energy-full» (iná tí bátìrì lè gbà báyìí) wé «energy-full-design» (èyí tó lè gbà nígbà tó wà ní tuntun). Bí ti àkọ́kọ́ kò bá tó ìdajì èkejì, ẹ ní kí wọ́n já owó rẹ̀ wálẹ̀. Bátìrì tó wú, ẹ má tilẹ̀ gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Fún ti orí tábìlì, ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ wo orí àwọn kapásítọ̀, àwọn nǹkan bí agolo kékeré tó dúró lórí bọ́ọ̀dù: pẹrẹsẹ ló yẹ kó rí, kò gbọdọ̀ yọ ikùn. Ẹ pààrọ̀ CR2032 rẹ̀ pẹ̀lú, ìyẹn bátìrì kékeré tó ń gbé aago. Bí òun bá kú, aago ẹ̀rọ á padà sí ọdún tó ti kọjá, wíwọlé sí àkáǹtì SuperTuxKart á sì kọ̀ torí ìwé-ẹ̀rí ààbò kò bá ọjọ́ mu. Ọ̀pọ̀ ló ń rò pé íntánẹ́ẹ̀tì ló bàjẹ́.

Lẹ́yìn tí ẹ bá gbé e délé:

`sudo apt install supertuxkart`
`supertuxkart --server-config=ere.xml --lan-server=Ere --network-console`

Dátà rẹ̀ ju 500 MB lọ. Lórí láàpútọ́ọ̀pù, ẹ kọ `HandleLidSwitch=ignore` sínú `/etc/systemd/logind.conf`, kí ẹ tún ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá ti pa ojú rẹ̀ dé, ó sùn nìyẹn. Wáyà ni kí ẹ fi so ó mọ́ rọ́ọ̀tà. Lórí Wi-Fi, ọkọ̀ ẹni tó wà níwájú á máa fò láti ibí sí ọ̀hún.

Fún àwọn ará ìta, ẹ ṣí pọ́ọ̀tì UDP 2759 lórí rọ́ọ̀tà. Bí àdírẹ́ẹ̀sì WAN (ti ìhà íntánẹ́ẹ̀tì) tí rọ́ọ̀tà fi hàn bá wà láàrin 100.64 àti 100.127, ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ti kó yín pọ̀ mọ́ àwọn mìíràn sábẹ́ àdírẹ́ẹ̀sì kan. Pọ́ọ̀tì tí ẹ ṣí kò ní ṣe ìrànlọ́wọ́ kankan. Bó ṣe máa ń rí lórí rọ́ọ̀tà onísíìmù nìyẹn. Ẹ fi Tailscale, ètò tó ń so àwọn ẹ̀rọ tó jìnnà síra pọ̀ bí ẹni pé inú ilé kan ni wọ́n wà, so àwọn ọ̀rẹ́ yín pọ̀, tàbí kí ẹ yá sáfà lóṣooṣù, pàápàá bí àwọn kan bá wà ní London.

Fún eré inú ilé àti àdúgbò, T420 la máa mú. OptiPlex dára fún ẹni tó ti ní ìnfátà.