Ófúnù mi ń purọ́, ṣùgbọ́n ẹyin rẹ̀ dùn

Ní àárọ̀ Sátidé, ìyàwó mi kì í sí nílé. Ọjà Bódìjà ló ń lọ, kí oòrùn tó mú. Èmi ni mo máa ń wá oúnjẹ àárọ̀ fún àwọn ìbejì wa àti ìyá mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa. Ẹyin díndín àti búrẹ́dì ni lọ́sẹ̀ yìí, ẹyin díndín àti iṣu ni lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, títí Kẹ́hìndé fi bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Dádì, ṣé ẹyin ò ní ọ̀nà mìíràn ni?" Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo lọ sí Dùgbẹ̀, tí mo kó ₦48,000 lé ófúnù onínáà kékeré kan.

N kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Irú rẹ̀ kún ọjà, orúkọ ara páálí ló yàtọ̀. Ó ní ìlẹ̀kùn gíláàsì, irin gbígbóná méjì lókè, méjì nísàlẹ̀, àti bọ́tìnì méjì tí à ń yí. Ọ̀kan jẹ́ ti ìgbóná, láti 100 dé 250°C. Ìkejì jẹ́ ti àkókò, òun ló ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́ bí aago ògiri títí yóò fi lu agogo. Wọ́n kọ lítà 12 àti wáàtì 1,200 sí i lẹ́yìn.

Kí n tó dé ilé ni mo ti ṣe àṣìṣe àkọ́kọ́. Mo ra páànù oníhò méjìlá, irú èyí tí àwọn oníkéèkì fi ń yan kéèkì kéékèèké. Mo gbé e sí ófúnù ní ìbú, kò wọlé. Mo gbé e ní òró, ìlẹ̀kùn kò pa dé. Ìyá mi jókòó sí kọ̀rọ̀ ilé ìdáná, ó ń wò mí. Ó ní, "O ò wọn yàrá kí o tó ra bẹ́ẹ̀dì." Mo padà lọ ra oníhò mẹ́fà. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ra irú rẹ̀, ẹ mú okùn ìwọ̀n dání lọ sọ́jà, kí ẹ wọn inú rẹ̀. Ẹ má wọn ìta rẹ̀ o, ìta rẹ̀ tóbi ju inú lọ dáadáa.

Ohun tí mo ń yan nínú rẹ̀ rèé. Mo máa ń wá ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n, àmọ́ tí kò tíì rọ̀. Mo máa ń là á ní òró, tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, kì í nípọn ju páálí ìwé lọ. Mo máa ń din ín fún ìṣẹ́jú kan péré ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ó lè tẹ̀ láì kán. Òun ni mo fi ń yí ihò páànù ká, ẹ̀là méjì fún ihò kan, kí ó dà bí agbọ̀n kékeré. Lẹ́yìn náà ni ata: tàtàṣé méjì, tòmátì mẹ́ta, rodo kan, àlùbọ́sà kan. Mo máa ń lọ̀ ọ́ kó má kúnná jù, mo máa ń sè é gbẹ, kí n tó dà á sínú òróró. Ata yẹn gbọ́dọ̀ gbẹ débi pé tí ẹ bá fi ṣíbí là á láàárín nínú agbada, ojú ọ̀nà tí ṣíbí là kò ní tètè pa dé. Omi tó bá kù nínú rẹ̀ yóò wá sábẹ́ ẹyin, ọ̀gẹ̀dẹ̀ á sì rọ bí àmàlà àná. Mo máa ń já ẹja gbígbẹ wẹ́wẹ́ sí i, mo sì ń yọ ẹ̀gún rẹ̀ nítorí Táyé. Ṣíbí ata kan fún ihò kan. Ẹyin máa ń wọ kọ́ọ̀pù kí ó tó wọ ihò, nítorí ẹyin kan tó bá ti bàjẹ́ lè ba páànù odidi jẹ́.

Ní Sátidé àkọ́kọ́, mo yí bọ́tìnì sí 180, mo fi ìṣẹ́jú 15 sí i. Nígbà tí agogo lù, orí ẹyin ti le bíi bàtà sílípáàsì, bẹ́ẹ̀ ni funfun tó wà nísàlẹ̀ ṣì ń ṣàn. Táyé ló kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, iṣẹ́ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ rán an náà nìyẹn. Ó jẹ ẹ́, ó jẹ ẹ́, kò gbé e mì. Ojú tì mí.

Mo ra tẹmọ́mítà ófúnù ní ₦6,500, èyí tí à ń fi kọ́ irin inú rẹ̀. Ibẹ̀ ni àṣírí ti tú: bọ́tìnì ń sọ 180, tẹmọ́mítà ń sọ 220. Bẹ́ẹ̀ ẹyin kò nílò wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ooru inú ẹyin bá ti tó bíi 62 ni funfun rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Kí ó tó dé 70, pupa náà ti ń dì. Irin òkè tó sún mọ́ ọn báyìí, yóò ti gbẹ orí ẹyin kí ooru tó rìn dé ìsàlẹ̀. Ní báyìí, 140 ni mo ń yí bọ́tìnì sí, kí n lè rí 180 gidi. Mo máa ń jẹ́ kí ó gbóná fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n tó gbé páànù sí ipele ìsàlẹ̀ pátápátá. Mo máa ń fi fóìlì bò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ, lẹ́yìn náà mo ṣí i fún mẹ́fà tó kù kí etí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lè gbóná kí ó sì pọ́n. Tí mo bá mi páànù, tí àárín ẹyin ṣì ń gbọ̀n díẹ̀, mo ti gbé e jáde nìyẹn. Páànù gbígbóná á parí ìyókù.

Ẹ wo ọ̀kan pẹ̀lú mi. Ẹ fi ọ̀bẹ yí i ká, ó jáde lódindi. Etí rẹ̀ dúdú díẹ̀, ó dà bíi dòdò tí wọ́n gbàgbé díẹ̀ lórí iná. Ẹ là á, pupa ẹyin á rọra ṣàn lọ bá ata, òórùn ẹja gbígbẹ á gbalẹ̀. Ìyá mi kò fẹ́ ìyẹn. Ó ní, "Ṣé o fẹ́ kí adìyẹ inú rẹ̀ jáde wá kí wa ni?" Tiwọn ń gba ìṣẹ́jú mẹ́rin sí i.

Ẹjọ́ méjì ni mo ní bá ófúnù yìí rò. Wáyà rẹ̀ eléyín méjì róbótó ni, bẹ́ẹ̀ eléyín mẹ́ta ni ibi iná ilé wa. Adápítọ̀ tí olùtajà fi ta mí lọ́rẹ pé kí n fi so wọ́n pọ̀ gbóná débi pé ó ń rùn. Mo ní kí oníṣẹ́ iná pààrọ̀ orí wáyà náà. Ìkejì ni pé tí Nẹ́pà bá mú iná lọ, ó parí. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo wa ń pè ní "I better pass my neighbour" kò lè gbé e, agbára rẹ̀ kò tó. Mo dán an wò, ó kígbe, ó kú. Lọ́jọ́ tí iná lọ ní ìṣẹ́jú keje, mo bu omi díẹ̀ sínú ìkòkò ńlá, mo gbé páànù sí i bíi mọ́ínmọ́ín, mo dé e. Ká sọ òótọ́, ẹyin ọjọ́ yẹn rọ̀ ju ti ófúnù lọ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan ló di ẹlẹ́rẹ̀.

Máàkì mẹ́fà nínú mẹ́wàá ni mo fún ófúnù náà. Tẹmọ́mítà ni mo fún ní mẹ́sàn-án. Ẹni tí iná rẹ̀ kì í dúró fún wákàtí kan, kí ó fi owó náà ra gáàsì.

Ní Sátidé tó kọjá, nígbà tí ìyàwó mi fi máa ti ọjà dé, ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti ṣófo. Ó fi ìka ra ata tó lẹ̀ mọ́ ọ̀kan, ó lá a. "Bàbá Ìbejì, oníhò méjìlá tí ẹ kọ́kọ́ rà ńkọ́?"

Ó wà lórí fíríìjì. Ìyá mi ti pín oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn sí i, ihò kan fún ọjọ́ kan.