Ọwọ́ wúrà, orúnkún ẹlẹgẹ́: àyẹ̀wò mi lórí ríra Sam Bradford

Ẹ jẹ́ kí n tètè fi ìdájọ́ mi lélẹ̀. Bí Philadelphia Eagles, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ti àwọn ará Amẹ́ríkà, ṣe ra kọ́tàbáàkì kan tó ń jẹ́ Sam Bradford lọ́dún 2015, máàkì 2 nínú 5 ni mo fún wọn. Bí Minnesota Vikings ṣe rà á lọ́dún 2016, 3 nínú 5. Bí Eagles ṣe tà á fún Vikings, 5 gbáko. Ọjà kan náà ni o, ọwọ́ kan náà, orúnkún kan náà. Ohun tó mú kí máàkì yàtọ̀ ni iye tí wọ́n san àti àwọn tí wọ́n tò yí i ká, òun sì ni mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ yòówù tó bá ń wá kọ́tàbáàkì tí kì í pẹ́ fara pa rò dáadáa kó tó tọwọ́ bọ̀wé.

Philadelphia ni mò ń gbé, Eagles sì ni tèmi, wọn ì báà jáwé olúborí, wọn ì báà fìdí rẹmi. Fisiotẹ́rápì ni iṣẹ́ òòjọ́ mi. Orúnkún ọmọ iléèwé, ti awakọ̀, ti ìyá àgbà, òun ni mò ń bá yí láti àárọ̀. Torí náà, tí mo bá ń wo bọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ lojú mi máa ń lọ.

Fún ẹ̀yin tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ lẹ mọ̀: nínú bọ́ọ̀lù ti àwọn ará Amẹ́ríkà, kọ́tàbáàkì ni bọ́ọ̀lù kọ́kọ́ ń bọ́ sí lọ́wọ́, òun ló sì ń pinnu ẹni tí yóò jù ú sí, láàárín ìṣẹ́jú àáyá bíi mélòó kan, nígbà tí àwọn géńdé tó wúwo ju 120 kílò lọ ń sáré bọ̀ wá wó o mọ́lẹ̀. Ọkùnrin márùn-ún ló ń dúró níwájú rẹ̀ láti dí wọn lọ́nà. Bí wọ́n ṣe ń ra agbábọ́ọ̀lù náà yàtọ̀ sí ti Chelsea àti Arsenal. Wọn kì í sábà kówó lé ara wọn lọ́wọ́. Pàṣípààrọ̀ ni wọ́n ń ṣe. O lè fi agbábọ́ọ̀lù tìrẹ sílẹ̀, o sì lè fi àyè rẹ nínú draft sílẹ̀, ìyẹn ètò ọdọọdún tí ẹgbẹ́ 32 fi ń to tẹ̀ léra ṣa àwọn ọmọ tó ń jáde ní yunifásítì. Àyè ìpele kìíní ló wọ́n jù. Ẹgbẹ́ tó bá fi í tọrẹ lónìí, ó lè tó ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó mọ ohun tó bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ká wá sórí Bradford gan-an. Yunifásítì Oklahoma ló ti gbá bọ́ọ̀lù, ó sì gba Heisman lọ́dún 2008, àmì ẹ̀yẹ tó lókìkí jù fún ọmọ yunifásítì tó ń gbá bọ́ọ̀lù yìí. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, èjìká ọ̀tún rẹ̀, èyí tó fi ń ju bọ́ọ̀lù, fara pa, ó tún fara pa lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Síbẹ̀, St. Louis Rams ló kọ́kọ́ mú ènìyàn lọ́dún 2010, òun ni wọ́n sì mú. Àdéhùn ọdún 6 ni wọ́n bá a ṣe, mílíọ̀nù 78 dọ́là, mílíọ̀nù 50 nínú rẹ̀ sì jẹ́ owó tí yóò wọ àpò rẹ̀ bó ti wù kó rí. Kò pẹ́ sígbà yẹn tí líìgì wọn, NFL, fi àdéhùn tuntun ti 2011 dín owó àwọn ọmọ tuntun kù. Ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀tàn o. Bọ́ọ̀lù a kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ wẹ́rẹ́, a máa yí lójú kan bí òkòtó, a sì bọ́ sí àyà ẹni tó ń sáré lọ gbà á láìjẹ́ pé onítọ̀hún dẹ ìrìn. Mo ti rí ọ̀pọ̀ kọ́tàbáàkì ní pápá wa ní South Philadelphia. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń jù ú bẹ́ẹ̀.

Ẹsẹ̀ ni ìyọnu. Lóṣù kẹwàá 2013, ní Carolina, ó ń sá lọ sí etí pápá, ẹnìkan tì í síta, orúnkún òsì rẹ̀ sì yẹ̀. Iṣan tó já lèyí tí àwọn dókítà ń pè ní ACL, okùn kúkúrú kan láàárín orúnkún tí kì í jẹ́ kí eegun ojúgun yọ síwájú. Kò nípọn ju ìka ọwọ́ lọ. Tó bá já tán, kì í sábà so ara rẹ̀ pọ̀. Iṣan míì ni dókítà máa ń fi rọ́pò rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà láti ara aláìsàn fúnra rẹ̀. Àwọn ènìyàn máa ń rò pé tí ojú ọgbẹ́ bá ti jinná, ọ̀rọ̀ ti parí. Rárá o. Iṣan tí wọ́n fi rọ́pò yẹn máa ń kọ́kọ́ rọ̀ kó tó le, ó sì lè gbà ju oṣù 9 lọ kó tó ṣeé gbára lé. Ohun tí mo máa ń ní kí àwọn tó bá wá sọ́dọ̀ mi ṣe ni pé kí wọ́n fi ẹsẹ̀ kan fò síwájú, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ yẹn kan náà balẹ̀, kí wọ́n sì dúró. Orúnkún ni mo máa ń tẹjú mọ́ bó ṣe ń balẹ̀. Tó bá ń yà sínú, kò tíì gbà nìyẹn, ohun yòówù tí ẹnu ẹni náà ì báà máa sọ.

Oṣù 10 lẹ́yìn ti Carolina, nínú eré ìgbáradì ní Cleveland, ẹnìkan kọ lu Bradford, kọlù tí kò tiẹ̀ le lójú wa tá à ń wò ó. Okùn kan náà já nínú orúnkún kan náà. Bí sáà 2014 ṣe lọ nìyẹn láìgbá bọ́ọ̀lù kankan.

Ẹni tí Eagles lọ rà lóṣù kẹta 2015 nìyẹn. Chip Kelly ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wa, òun náà sì ni wọ́n ti fi àṣẹ ríra àti títà lé lọ́wọ́. Ó fa Nick Foles lé Rams lọ́wọ́, ó fi àyè ìpele kẹrin ti 2015 àti ìpele kejì ti 2016 kún un. Foles kì í sì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ: lọ́dún 2013 ó ju touchdown 27 (ìyẹn bọ́ọ̀lù tí ẹgbẹ́ ẹni gbà ní òpin pápá alátakò, tó sì di àmì ayò), 2 péré sì ni bọ́ọ̀lù rẹ̀ tí àwọn alátakò gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Owó tí wọ́n máa san fún Bradford fún ọdún kan ṣoṣo yẹn sún mọ́ mílíọ̀nù 13 dọ́là. Fún ẹni tí kò fẹsẹ̀ kan pápá nínú eré gidi láti oṣù kẹwàá 2013!

Tí mo bá ní 2 nínú 5, kì í ṣe orúnkún yẹn ni mò ń bá wí. Orúnkún yẹn dúró. Ohun tó ń dùn mí títí dòní ni pé ọdún tí wọ́n ra ẹni ẹlẹgẹ́ gan-an ni wọ́n lé àwọn tó yẹ kó bò ó lọ. Todd Herremans àti Evan Mathis, àgbà ọ̀jẹ̀ méjì nínú àwọn márùn-ún tó ń dúró níwájú kọ́tàbáàkì wa, kò sí èyí tó kù nínú wọn kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Nínú draft ọdún náà, wọn ò mú ẹyọ ẹnìkan tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Nelson Agholor ni wọ́n fi ìpele kìíní mú. Èkó ni wọ́n bí i sí, inú àwa ọmọ Nàìjíríà tó wà níbí sì dùn dé ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó sáré lọ gba bọ́ọ̀lù. Ta ni yóò wá dí àwọn géńdé lọ́nà?

Bradford bẹ̀rẹ̀ eré 14, Eagles borí nínú 7, wọ́n pàdánù 7. Ó ju bọ́ọ̀lù tó yáàdì 3,725, touchdown 19, àwọn alátakò sì gba 14 mọ́ ọn lọ́wọ́. Níjọ́ tí Miami wá bá wa nílé lóṣù kọkànlá, wọ́n là á mọ́lẹ̀ títí èjìká òsì fi yẹ̀, tí orí náà sì gbọgbẹ́ inú. Eré 2 ló fò. Kí sáà tó parí, wọ́n ti lé Chip Kelly.

Bí wọ́n ṣe tà á ló wú mi lórí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2016 Eagles bá a ṣe àdéhùn tuntun ọdún 2, kò sì pẹ́ rárá tí wọ́n fi fi ọ̀pọ̀ àyè draft ra àǹfààní láti mú Carson Wentz, ọmọ yunifásítì tó jẹ́ kọ́tàbáàkì bíi tirẹ̀. Inú bí Bradford, ó ní kí wọ́n tà òun, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Lọ́gbọ̀nọjọ́ oṣù kẹjọ, orúnkún Teddy Bridgewater, kọ́tàbáàkì Vikings, yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀ níbi ìgbáradì lásán, ACL rẹ̀ náà já. Sáà ku ọjọ́ díẹ̀. Pápá ìṣeré tuntun Vikings ń dúró de eré gidi àkọ́kọ́ rẹ̀. Eagles kàn dákẹ́ jẹ́ẹ́ dá iye wọn: ìpele kìíní ti 2017, pẹ̀lú ìpele kẹrin ti 2018. Vikings san án ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹsàn-án. Ìpele kìíní yẹn di Derek Barnett. Ìpele kẹrin di Josh Sweat. Ní oṣù kejì 2018, nínú Super Bowl, ìyẹn àṣekágbá NFL, nígbà tí Brandon Graham tiwa gbá bọ́ọ̀lù jábọ́ lọ́wọ́ Tom Brady, kọ́tàbáàkì alátakò wa, ọwọ́ Barnett ló bọ́ sí. Ilé Vikings gan-an, ní Minneapolis, ni wọ́n ti gbá eré yẹn. Nick Foles tí a kó fún Rams, tó ti padà wá sílé, ló sì ń ju bọ́ọ̀lù fún wa. A borí, 41 sí 33.

Mi ò fi Vikings ṣẹ̀sín o. Àbúrò mi kan ń gbé ní ìlú wọn, mo sì mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ká a lára. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kò ráàyè ná ọjà omi. Bradford sì ṣe iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ rà á: lọ́dún 2016 ìdá 71.6 nínú 100 àwọn bọ́ọ̀lù tó jù ló dé ọwọ́ ẹni tó jù ú sí, kò sì sí kọ́tàbáàkì kankan nínú NFL tó ti ṣe irú ẹ̀ rí títí di ìgbà yẹn. Touchdown 20, márùn-ún péré ni wọ́n gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Wọ́n borí nínú eré 5 àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń dúró níwájú rẹ̀ ń fara pa lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì parí sáà sí 8 sí 8, ìyẹn borí 8, pàdánù 8.

Ìbẹ̀rẹ̀ sáà 2017 ni mi ò lè gbàgbé. Alẹ́ ọjọ́ Ajé ni, New Orleans Saints ló wá bá wọn. Bọ́ọ̀lù 32 ni Bradford jù, 27 dé ọwọ́ ẹni tó jù ú sí, yáàdì 346, touchdown 3. Àbúrò mi pè mí kí eré tó parí, ó ń pariwo: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ń wo ohun tẹ́ ẹ tà fún wa? Ẹ ò lè rí irú ẹ̀ rà mọ́!” Mo ní, “Fi ojú sí orúnkún òsì ẹ̀.” Ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni Bradford. Irú wọn, ẹsẹ̀ òsì ni wọ́n ń tẹ̀ síwájú tí wọ́n bá fẹ́ ju bọ́ọ̀lù, gbogbo agbára ara a sì bọ́ sórí orúnkún yẹn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kò lè gbá. Nígbà tí wọ́n tún gbé e jáde sí Chicago Bears lóṣù kẹwàá, ó ń tiro, wọ́n wó o mọ́lẹ̀ nínú àgbègbè ẹ̀yìn tirẹ̀ gan-an, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí. Case Keenum, ẹni tí kò gbówó púpọ̀, ló wọlé, ó sì gbé Vikings dé 13 sí 3. Torí pé wọ́n ní Keenum níbẹ̀ ni mo ṣe fi máàkì kan kún tiwọn.

Lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà máa ń bú Bradford pé ó kàn gba owó ọlọ́wọ́ ni. Ó máa ń bí mi nínú. Mo mọ bí géńdé ọkùnrin ṣe ń sunkún lórí bẹ́ẹ̀dì nítorí ẹsẹ̀ tí kò fẹ́ ká. Ó tún orúnkún yẹn kọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì padà sí iwájú àwọn géńdé yẹn. Àwọn tó ń ra ènìyàn ló yẹ kí wọ́n mọ iye tí wọ́n ń san.

Ẹ wo Miami Dolphins lọ́dún 2006. Kọ́tàbáàkì méjì ló wà níwájú wọn, àwọn méjèèjì ló fara pa. Drew Brees, èjìká ọ̀tún. Daunte Culpepper, orúnkún, iṣan mẹ́ta ló já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀rù èjìká Brees ba àwọn dókítà wọn, ni wọ́n bá fi ìpele kejì ra Culpepper lọ́wọ́ Vikings. Eré 4 péré ló gbá fún wọn. Brees lọ sí New Orleans, ó sì gba Super Bowl fún wọn lóṣù kejì 2010. Èjìká tí wọ́n tún ṣe lẹ́ẹ̀kan, tí ẹni tó ni ín sì ti ń gbé apá sókè, yàtọ̀ gédégédé sí orúnkún tí ohun gbogbo inú rẹ̀ já. “Ó fara pa” kò tó láti fi pinnu. Èwo ló fara pa, ẹ̀ẹ̀melòó ni, ṣé ibì kan náà ni? Ibi tí mo ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Nítorí náà, tí wọ́n bá ní kí Eagles tún lọ ra irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, ìpele kẹta ni mo máa fi lé orí tábìlì, kò ní kọjá bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ orúnkún kan náà ló ti já lẹ́ẹ̀mejì, mo máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí ìpele karùn-ún. Dókítà wa ló máa fọwọ́ tirẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kí ohunkóhun tó parí, torí pàṣípààrọ̀ NFL lè fọ́ tí agbábọ́ọ̀lù kò bá yege níwájú dókítà, ẹ̀tọ́ olùrà sì ni. Púpọ̀ nínú owó rẹ̀ á jẹ́ èyí tí yóò máa wọlé fún gbogbo eré tó bá wọ aṣọ fún. Àwọn ẹgbẹ́ ń ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ dáadáa. Àwọn márùn-ún tó ń dúró níwájú rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n lọ́dún tí wọ́n bá rà á. Kọ́tàbáàkì kejì tó lè borí nínú eré mẹ́jọ sì gbọ́dọ̀ ti wà nílé kó tó dé. Tí ẹni tó ń tà á bá wá ní ìpele kìíní lòun fẹ́, kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì gbé fóònù kalẹ̀.