Exclusive Audio Footage: àwo Clipse tí Elektra tì mọ́ àpótí

Ẹ̀yin tó jẹ́ pé orí "Grindin'" lẹ ti mọ Clipse, àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì tó ń kọrin ráàpù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá àwo yìí gbọ́. Òun ló yẹ kó jẹ́ àwo àkọ́kọ́ wọn, Malice tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n àti Pusha T àbúrò ẹ̀ ti ṣe é tán ní 1999 kí Elektra, ilé iṣẹ́ rékọ́ọ̀dù wọn, tó ní àwọn ò gbé e jáde mọ́.

Bọ́rọ̀ ṣe lọ rèé. Bronx ni wọ́n bí wọn sí, ṣùgbọ́n Virginia Beach ni wọ́n ti dàgbà, lápá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ni Pharrell tó ń ṣe bíìtì ti mọ̀ wọ́n, òun ló sì bá wọn wá díìlì ní Elektra ní 1997. Òun àti Chad Hugo, àwọn méjì tí wọ́n ń pè ní Neptunes, ni wọ́n ṣe gbogbo bíìtì tó wà níbẹ̀. Elektra wá kọ́kọ́ ju "The Funeral" síta pẹ̀lú fídíò, orin yẹn ò tà, ni wọ́n bá gbé odindi àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí wọ́n sì já àwọn ọmọ náà sílẹ̀. Nítorí orin kan ṣoṣo o! Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé Elektra yìí kan náà ni Missy Elliott tó ń kọrin ráàpù wà nígbà yẹn, ọmọ Portsmouth, kò jìnnà sí Virginia Beach rárá, ojú wọn ti rí i pé orin tó bá tàdúgbò yẹn jáde lè má jọ tẹnikẹ́ni kó sì tún tà dáadáa.

Orin fúnra ẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó bá mọ "Superthug" tí Noreaga ṣe ní 1998, tàbí Kaleidoscope tí Kelis gbé jáde lópin 1999, á ti mọ irú kẹ́bọ́ọ̀dù tí mò ń wí, èyí tó máa ń dún kíkankíkan yẹn, ó wà káàkiri inú àwo yìí. "Grindin'" ò fẹ́rẹ̀ẹ́ ju ìlù lásán lọ, níbí ohun èlò kún, ó tiẹ̀ ń kún jù nígbà míì, Pharrell náà ò sì jẹ́ kí ègbè sinmi. Tó bá dé apá ìparí, àwọn orin kan ti ń jọra wọn, mo máa ń fò wọ́n.

Pusha T ṣì kéré lóhùn, ó ń sáré sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gba máìkì lọ́wọ́ ẹ̀ (Terrar ló ń jẹ́ nígbà yẹn, orúkọ yẹn náà ló wà lára orin tó bá Kelis ṣe). Malice ló ni àwo yìí, kí n má parọ́. Àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ kokéènì títà, ọ̀rọ̀ tí wọn ò tíì sọ tán títí dòní, ṣùgbọ́n ohùn Malice ni mo ti ń gbọ́ ẹ̀rù. "The Funeral", ẹni tó ń fojú inú wo ọjọ́ tí wọ́n máa sin òun ni, ó wúwo, èmi ì bá má fi í ṣe orin tí màá kọ́kọ́ jù sí rédíò, àmọ́ ó wọni lára gan-an. Nígbà tí Malice wá gbé orúkọ No Malice wọ̀ ní 2012 tó kọjú sí Ọlọ́run, ẹnu ò ya èmi, gbogbo ẹ̀ ti wà nínú orin yẹn.

Wàhálà ilé iṣẹ́ rékọ́ọ̀dù ò sì fi wọ́n sílẹ̀. Àwo wọn Lord Willin' wọ ipò kẹrin lórí Billboard, àtẹ àwọn àwo tó ń tà jù ní Amẹ́ríkà, ní 2002, inú wa dùn, ni wọ́n bá tún há sọ́wọ́ Jive, ilé iṣẹ́ rékọ́ọ̀dù míì, nígbà tí Arista tó gbé àwo yẹn jáde dà pọ̀ mọ́ ọn, wọ́n ṣẹjọ́, ó di ìparí 2006 kí àwo Hell Hath No Fury tó jáde. Ní 2025 pàápàá, wọ́n kúrò ní ilé iṣẹ́ Def Jam kí àwo Let God Sort Em Out tó lè jáde bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ.

Ẹ̀dà tí wọ́n ń pín lábẹ́lẹ̀ làwọn èèyàn ń gbọ́ tẹ́lẹ̀, 2022 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sórí àwọn app orin. Mo fún un ní 7 nínú 10, Lord Willin' gba 9. Ẹ lo hẹ́dífóònù, kẹ́ ẹ sì bẹ̀rẹ̀ látorí "The Funeral".