Irọ́ tí mo fowó ara mi rà ní Róòmù

"Ẹ wò ó dáadáa, ibi tí ẹ ti rí i yìí ló ti wà láti 1538." Ohun tí obìnrin tó ń mú wa kiri sọ nìyẹn, sínú ẹ̀rọ tí wọ́n kì bọ̀ wá létí, níwájú ère Marcus Aurelius, ọba Róòmù àtijọ́, lórí ẹṣin ní òkè Campidoglio. Irọ́ gbuu! Láti 1981 ni wọ́n ti gbé ojúlówó kúrò níbẹ̀. Ẹ̀dà ló wà níta. Mo rọra sún mọ́ ọn, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé kì í ṣe inú mùsíọ́ọ̀mù yìí ni ojúlówó wà?" Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní mùsíọ́ọ̀mù ò sí nínú owó tí mo san. Mo ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó. Ló bá kẹ̀yìn sí mi, ó ń bá àwọn tó kù sọ̀rọ̀ lọ. Mo yọ ẹ̀rọ etí, mo fi lé e lọ́wọ́, mo lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì tèmi.

Ọlọ́run ló ní kó bí mi nínú. Lábẹ́ òrùlé gíláàsì níbẹ̀, mo sún mọ́ ẹṣin náà débi tí mo fi rí wúrà ayé àtijọ́ tó ṣì lẹ̀ mọ́ idẹ lóríṣiríṣi ibi. Ẹsẹ̀ ọba ń rọ̀ dirodiro, torí àwọn ará Róòmù ìgbà náà kò ní irin tí ẹlẹ́ṣin ń ki ẹsẹ̀ bọ̀. Irú ère bẹ́ẹ̀ pọ̀ nílùú náà rí, wọ́n yọ́ wọn fi rọ nǹkan mìíràn. Èyí yè torí àwọn Kìrìsìtẹ́nì rò pé Constantine, ọba Róòmù tó kọ́kọ́ di Kìrìsìtẹ́nì, ni. Lára ère yìí ni Donatello, agbẹ́gilére ará Ítálì, ti rí àwòkọ́ṣe fún ère Gattamelata, ọ̀gá ológun kan, lórí ẹṣin ní ìlú Padua, kí ère àwọn ọba Yúróòpù tó máa gẹṣin tẹ̀lé e, títí dé ti Charles Kìíní, ọba Gẹ̀ẹ́sì, ní Charing Cross tí bọ́ọ̀sì mi ń gbà kọjá ní Lọ́ńdọ̀nù.

Iléeṣẹ́ tó ń mú wa kiri náà ò burú tán o. Ọmọkùnrin tó mú wa dé ìdí òpó Trajan, ọba Róòmù mìíràn, láàárọ̀ mọṣẹ́ bí ẹni mowó. Ère tó lé ní 2,500 ni wọ́n gbẹ́ yí òpó yẹn ká, wọ́n sì ti parí ẹ̀ láti ọdún 113 Sànmánì Tiwa. Ó yá wa ní awò tó ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ni, ó ní ká wo ìsàlẹ̀ ná: odò Danube fúnra rẹ̀, bàbá onírùngbọ̀n yẹ́úkẹ́, yọ lójú omi, ó ń wo àwọn ọmọ ogun bí wọ́n ti ń gba orí afárá ọkọ̀ ojú omi sọdá lọ bá àwọn ará Dacia, ilẹ̀ tó wà níbi tí Romania wà lónìí, jà. Ó jẹ́ ká wò ó tẹ́rùn, kò kán wa lójú.

Mo kọ̀wé sí ọ́fíìsì wọn. Èsì wọn ni pé àwọn á yọ díẹ̀ fún mi nínú owó bí mo bá tún padà wá. Ta ló ń padà bọ̀? Irọ́ tí obìnrin yẹn pa, wọn ò tilẹ̀ fẹnu bà á.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ẹni tó bá ń lọ, kó sọ fún wọn pé ti àárọ̀ lòun fẹ́.