Àwọ̀ olómi àbí masterbatch: èwo ló yẹ oníṣẹ́ ike ní Ìlọrin?

Bí ẹ bá ń ṣe búùtà àlùwàlá, ìgò, abọ́ tàbí kórobá, yálà ní Ìlọrin yìí tàbí lápá Ọ̀fà àti Ọmù-Àrán, ó ṣeé ṣe kí ẹni tó ń kó èròjà wá fún yín láti Èkó ti sọ pé kí ẹ pa masterbatch tì, kí ẹ gba àwọ̀ olómi. Nígbà tí ẹ bá wá gbọ́ iye tí wọ́n ń ta kílò kan, ẹ ó fẹ́ sá sẹ́yìn. Ẹ má tíì sá. Owó kílò kan kọ́ la fi ń wọn ọjà yìí, owó tí yóò kun 100 kílò ike ni.

Masterbatch jẹ́ hóró ike tí wọ́n ti po àwọ̀ mọ́ dáadáa. Ẹ ó dà á mọ́ ike yín, ẹ̀rọ yóò sì yọ́ méjèèjì pọ̀. Àwọ̀ olómi ní tirẹ̀ jẹ́ àwọ̀ tí wọ́n lọ kúnná, tí wọ́n pò mọ́ epo tó bá ike mu. Pọ́ǹpù kékeré ló ń kán an sí ọ̀fun ẹ̀rọ, níbi tí ike ti ń wọlé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní kílò 2 masterbatch lẹ ń lò fún 100 kílò ike, tí ìdajì kílò olómi sì máa mú irú àwọ̀ kan náà jáde. Bí kílò olómi bá tiẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta owó kílò masterbatch, owó kílò masterbatch kan ààbọ̀ péré lẹ ó san dípò méjì. Tó bá di ìlọ́po mẹ́rin, wọ́n dọ́gba. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, masterbatch ló jàre. Àwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá lè má tó ìdajì kílò rárá, funfun tó ki yóò sì jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè ìwọ̀n tó bá ọjà tiyín mu, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ibi tí olómi ti dáa jù

Ìgò PET (irú ike tí a fi ń ṣe ìgò omi) tó mọ́ gaara ni. Ike PET máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, a sì gbọ́dọ̀ gbẹ ẹ́ kí ó tó wọ ẹ̀rọ. Masterbatch rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ gbẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìgò kò ní lágbára. Olómi kò ní wàhálà gbígbẹ yẹn.

Èkejì ni pípààrọ̀ àwọ̀. Bí ẹ bá ń ṣe búùtà pupa lónìí tí ẹ fẹ́ ṣe elewé lọ́la, kẹ́ẹ̀gì tí àwọ̀ wà nínú rẹ̀ àti rọ́bà pọ́ǹpù nìkan lẹ ó pààrọ̀. Òkè ẹ̀rọ kò dọ̀tí. Lóòótọ́, ẹ ó ṣì fi ike fọ inú ẹ̀rọ. Ẹni tó ń pààrọ̀ àwọ̀ lemọ́lemọ́ máa rí èrè rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe dúdú láti ọdún dé ọdún kò ní rí nǹkan kan.

Ibi tí mi ò ti ní gbà yín níyànjú láti lò ó

Ọ̀rá ni àkọ́kọ́. Bí epo inú olómi bá pọ̀ jù, yóò yọ síta lára ọ̀rá. Yíǹkì kò ní dì mọ́ ọn dáadáa, ojú ibi tí a lẹ̀ lè ṣí. Èyí kì í ṣe ohun tí ẹni tó ń ṣe ọ̀rá píọ̀ wọ́tà lè fi ṣeré. Ẹ dúró ti masterbatch.

Bẹ́ẹ̀ náà ni funfun tàbí dúdú tó ki. Kí olómi tó lè bo ike dáadáa, ẹ ó fi púpọ̀ sí i, epo yóò sì mú kí síkúrúù (irin tó ń yí nínú ẹ̀rọ láti ti ike síwájú) máa yọ̀, kí ó máa yí láìfa ike. Páìpù omi àti táǹkì tó ń gba oòrùn tún yàtọ̀: èédú dúdú tí wọ́n ń pè ní carbon black ló ń dáàbò bò wọ́n, ìwọ̀n rẹ̀ nínú páìpù polyethylene sì máa ń wà láàárín 2 sí 2.5 nínú 100. Masterbatch tí wọ́n dìídì ṣe fún un ni kí ẹ rà.

Pọ́ǹpù ni ọ̀rọ̀ wà

Mo rò pé ẹni tí kò bá ṣetán láti ra pọ́ǹpù tó péye kò gbọ́dọ̀ ra olómi rárá. Fífi ife bu àwọ̀ sórí ike máa fún yín ní ọjà tó gún régé láàárọ̀, tó di abílà lọ́sàn-án. Bí búùtà kan bá wọn 200 gíráàmù, ìdajì kílò fún 100 kílò ike túmọ̀ sí gíráàmù 1 péré nígbà kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí pọ́ǹpù kán an sínú ife nígbà mẹ́wàá, kí ẹ fi irú òṣùwọ̀n tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò wọ̀n ọ́n. Bí kò bá tó gíráàmù 10, àfàìmọ̀ kí rọ́bà inú pọ́ǹpù má ti rẹ̀. Ó ń gbó, a sì ń pààrọ̀ rẹ̀.

Kí oníṣẹ́ iná so pọ́ǹpù náà mọ́ ẹ̀rọ, kó lè jẹ́ pé bí síkúrúù bá dúró, òun náà dúró. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ bíi tiwa yìí, àwọ̀ tó ń kán nígbà tí ẹ̀rọ ò ṣiṣẹ́ jẹ́ òfò gidi. Àwọ̀ náà máa ń silẹ̀ sí ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù, ẹ rò ó kí ẹ tó lò ó, kí ẹ sì gbé e síbòòji.

Ti àwọ̀ lẹ́búlẹ́bú, ó pọ́ọ́kú, ṣùgbọ́n eruku rẹ̀ ń wọ inú àwọn tó ń pò ó, kì í sì í tàn kálẹ̀ dọ́gba. Àwọn àwọ̀ ìyeyè àti pupa kan wà tó ní òjé nínú. Ohun tí ọmọdé ń fi ṣeré tàbí tí a fi ń jẹun kò gbọ́dọ̀ ní in, yálà lẹ́búlẹ́bú ni tàbí olómi. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. NAFDAC kò ní fojú fo ohun tí a ń di oúnjẹ sí.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀: àwọn àwọ̀ búlúù àti elewé kan, tí wọ́n ń pè ní phthalocyanine, máa ń mú kí ike HDPE (irú ike líle tí a fi ń ṣe kẹ́ẹ̀gì àti ìdérí) súnkì tàbí kí ó wọ́. Ìdérí pupa wọlé, búlúù láti mọ́ọ̀dù kan náà kọ̀. Masterbatch àti olómi lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó dúrọ́ọ̀mù, ẹ tọrọ díẹ̀ tó máa kun àpò ike kan, 25 kílò. Ike tí ẹ ń lò lójoojúmọ́ ni kí ẹ fi dán an wò, pàápàá bó bá jẹ́ àtúnlò, torí àwọ̀ tirẹ̀ ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ fi aṣọ funfun nu ọjà tó bá jáde, ẹ dé e ní ìdérí rẹ̀, ẹ sì gbé mélòó kan sínú oòrùn fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀.